Pítúítárì, Ọ̀pá Ẹ̀yìn àti Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Abẹ Ọpọlọ

Pítúítárì wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, lẹ́yìn ibi tí ihò imú parí sí, nínú kòtò kékeré kan láàárín eegun agbárí. Kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì tó gíráàmù kan. Síbẹ̀ òun ló ń darí bí ọmọdé ṣe ń ga, bí nǹkan oṣù obìnrin ṣe ń wá, bí ọmú ṣe ń sun wàrà lẹ́yìn ìbímọ, bí kíndìnrín ṣe ń dá omi dúró sára, àti bí ara ṣe ń gbára dì nígbà tí àìsàn bá dé. Họ́mónù ló fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Ó ń dà wọ́n sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé wọn lọ bá tairọ́ìdì ọrùn, ilé ẹyin obìnrin, kóró ẹpọ̀n ọkùnrin àti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn tó ń gbàṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lókè rẹ̀ gan-an ni iṣan ojú ọ̀tún àti ti òsì ti pàdé. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá méjì tó ń bọ́ ọpọlọ sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kọjá. Kókó tó bá hù ní ibi tó há báyìí kò ní rí àyè gbà láìfara kan nǹkan pàtàkì.

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn kókó pítúítárì kì í ṣe jẹjẹrẹ. Wọn kì í fọ́n káàkiri ara, wọn kì í sì í sábà yára dàgbà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ pítúítárì àwọn tó kú nítorí àìsàn mìíràn wò, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n bá kókó kékeré lára tirẹ̀, tí olúwarẹ̀ ti lo ayé rẹ̀ tán láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Èyí tí kò bá tó mìlímítà 10 ni àwọn dókítà ń kà sí kékeré. Láti orí 10 lọ sókè, ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń mọ ewu rẹ̀. Kókó tí kò tó mìlímítà márùn-ún lè máa da họ́mónù tó pọ̀ lápọ̀jù sínú ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi ba ara jẹ́, nígbà tí òmíràn tó tóbi jù ú lọ fíìfíì kò ní da họ́mónù kankan, àmọ́ tí yóò máa ti iṣan ojú sókè títí ojú yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Họ́mónù tó ń mú ara dàgbà ló kọ́kọ́ tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá pọ̀ jù lára ọmọ tí eegun rẹ̀ ṣì ń gùn, gíga ọmọ náà yóò rékọjá ààlà. Robert Wadlow, ará Amẹ́ríkà, ti ga tó mítà 2.72 kó tó kú ní ọdún 1940 ní ẹni ọdún 22. Lára àgbàlagbà, eegun kò lè gùn mọ́, fífẹ̀ ni yóò máa fẹ̀. Òrùka kò ní wọ ìka mọ́, bàtà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í há, àgbọ̀n àti imú yóò nípọn, àlàfo yóò sì máa là láàárín eyín. Pierre Marie, dókítà ará Faransé, ló ṣàpèjúwe àìsàn yìí tó sì fún un lórúkọ ní ọdún 1886. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyípadà náà ń wáyé, nítorí náà àwọn tó ń bá aláìsàn gbé kì í tètè fura. Fọ́tò ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn wúlò fún dókítà nínú irú ọ̀rọ̀ yìí ju ìtàn tí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti àìsàn ọkàn ló sì sábà máa ń tẹ̀ lé e bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀.

Ìtàn Charles Byrne jẹ́ ara ohun tí ìwádìí lórí họ́mónù yìí dúró lé. Òmìrán ará Áyálándì ni, ó sì kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1783 ní ẹni ọdún 22. Ó ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé inú òkun ni kí wọ́n sin òun sí, kí àwọn oníṣẹ́ abẹ má bàa kun òun. John Hunter, gbajúgbajà oníṣẹ́ abẹ ìgbà náà, fowó wá òkú rẹ̀ rà, ó sì gbé egungun rẹ̀ kọ́ fún ìran wíwò. Ìwà àìtọ́ ni, ìmọ̀ tó ti ibẹ̀ jáde lẹ́yìn náà kò sì sọ ọ́ di ohun tó tọ́. Ní ọdún 1909, Harvey Cushing, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, yẹ agbárí Byrne wò, ó sì rí i pé kòtò tí pítúítárì ń gbé ti fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Ní ọdún 2011, Márta Korbonits àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ DNA inú eyín rẹ̀ wò. Wọ́n rí àléébù nínú jíìnì kan tó ń jẹ́ AIP, irú èyí tó wà lára àwọn ìdílé kan ní Àríwá Áyálándì títí di òní. Báyìí ni wọ́n ṣe lè máa ṣe àyẹ̀wò fún ọmọ inú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kí ara rẹ̀ tó yí padà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí egungun náà wà gbé e kúrò lójú àwọn èrò ní ọdún 2023.

Kókó tó ń da họ́mónù wàrà ọmú, èyí tí wọ́n ń pè ní prolactin, ló wọ́pọ̀ jù lọ nínú àwọn kókó pítúítárì tó ń da họ́mónù. Obìnrin tí kò lóyún, tí kò sì ń tọ́mọ lọ́wọ́, yóò rí i pé wàrà ń jáde lọ́mú òun, nǹkan oṣù yóò dúró, oyún kò sì ní wá. Ọkùnrin tí ó bá mú kì yóò ní agbára láti bá ìyàwó rẹ̀ sùn mọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti ń fẹ̀sùn kan àgàn, tí wọ́n ti ń ná owó kiri lórí ọ̀rọ̀ tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo lè tú àṣírí rẹ̀. Èyí tó yẹ kí gbogbo ìdílé mọ̀ ni pé kókó yìí kì í sábà nílò ọ̀bẹ. Láti àwọn ọdún 1970 ni oògùn bromocriptine ti wà, cabergoline sì tẹ̀ lé e. Wọ́n máa ń mú kí prolactin wálẹ̀, kókó náà fúnra rẹ̀ sì máa ń sún kì lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan oṣù yóò padà, oyún yóò sì ṣeé ní.

Kókó tó ń da họ́mónù ACTH, èyí tó ń darí bí ara ṣe ń gbára dì fún àìsàn, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Cushing ló ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké ní ọdún 1932, tí àìsàn náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ojú aláìsàn yóò wú rùmúrùmú, ikùn yóò yọ, apá àti itan yóò sì tín-ín-rín. Ilà pupa fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀ yóò hàn ní ikùn, eegun yóò di ẹlẹgẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò máa ru. Àwọn tó ń fi ìpara steroid para tàbí tó ń lo oògùn steroid fún ìgbà pípẹ́ náà lè rí báyìí láìní kókó kankan, nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà ń bi aláìsàn ni ohun tó ń lò. Bí ó bá jẹ́ kókó ni, iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ti họ́mónù ìdàgbà.

Kókó ńlá tí kì í da họ́mónù ló ń fara pamọ́ pẹ́ jù. Bí ó ṣe ń ti ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé, ìríran ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì ni yóò kọ́kọ́ lọ. Aláìsàn ṣì ń rí iwájú, ó ṣì lè kàwé, ṣùgbọ́n yóò máa fi èjìká gbá òpó ilẹ̀kùn, ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ yóò sì máa já lù ú. Gíláàsì kò lè tún èyí ṣe. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ni kì í dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àfi ìgbà tí ojú bá ti fẹ́ẹ̀ fọ́ tán. Dókítà ojú tó bá fara balẹ̀ díwọ̀n ìríran ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan ló sábà ń kọ́kọ́ fura sí i.

Ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ gbà dé ibi kókó yìí kò lọ tààrà. Victor Horsley la agbárí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1889 láti dé ibẹ̀, ó sì ní láti gbé ọpọlọ sókè kó tó rí pítúítárì. Ní ọdún 1907, Hermann Schloffer ní Innsbruck, ní ilẹ̀ Ọ́sítríà, gba ọ̀nà imú wọlé. Cushing tẹ́wọ́ gba ọ̀nà náà, ó sì tún un ṣe: ó gba abẹ́ ètè òkè wọ ihò imú, títí dé eegun tó gbé pítúítárì. Láàárín ọdún 1910 sí 1925, ó fi ọ̀nà yìí ṣe iṣẹ́ abẹ fún ènìyàn 231, àwọn tó kú nínú wọn kò sì ju 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ní ayé tí kò tíì sí oògùn apakòkòrò kankan. Lẹ́yìn èyí, Cushing fúnra rẹ̀ fi ọ̀nà imú sílẹ̀, ó padà sí lílà agbárí, nítorí ó rò pé òkè ni òun ti lè gba iṣan ojú sílẹ̀ dáadáa jù. Orúkọ rẹ̀ wúwo, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn oníṣẹ́ abẹ sì tẹ̀ lé e. Ọ̀nà imú fẹ́rẹ̀ẹ́ parun.

Àwọn díẹ̀ kò tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú wọn sì ṣe pàtàkì. Norman Dott, ará Sikọ́tílándì, ti kọ́ ọ̀nà náà lọ́dọ̀ Cushing, ó sì padà sí Edinburgh, ó ń lò ó lọ láìpariwo. Ní ọdún 1956, Gérard Guiot láti Paris rí i lọ́wọ́ Dott, ó mú un lọ sí Faransé, ó sì fi ẹ̀rọ X-ray kún un, kí oníṣẹ́ abẹ lè máa rí ibi tí irinṣẹ́ òun dé nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Jules Hardy láti Montreal kọ́ ọ lọ́wọ́ Guiot, ó sì mú máíkírósíkóòpù wọ inú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Látìgbà náà ni oníṣẹ́ abẹ ti lè rí ìyàtọ̀ láàárín kókó àti pítúítárì tó yè, kí ó yọ ọ̀kan, kí ó sì fi èkejì sílẹ̀. Bí Dott bá ti gbọ́ràn sí ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu, a kò mọ ọdún mélòó tí ìmọ̀ yìí ì bá fi sùn.

Lóde òní, ọ̀pá tín-ín-rín oníkámẹ́rà ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń lò dípò máíkírósíkóòpù. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Pittsburgh ló sọ ọ́ di mímọ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ihò imú ni wọ́n ń gbà, oníṣẹ́ abẹ imú àti ọ̀fun sì máa ń bá ti ọpọlọ ṣe é pọ̀. Kò sí ojú ọgbẹ́ lóde, aláìsàn sì lè padà sílé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ewu kò tán níbẹ̀. Omi tó yí ọpọlọ ká lè máa kán gba imú. Ìtọ̀ lè máa wá ní lítà lítà nítorí ibi tí họ́mónù tó ń dá omi dúró ti ń jáde ti fara gbọgbẹ́. Bí pítúítárì kò bá lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, aláìsàn yóò máa lo oògùn họ́mónù títí ayé, bí ó bá sì dáwọ́ lílo hydrocortisone, ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà, dúró lójijì, ó lè kú. Pítúítárì tún lè kú láìsí kókó rárá. Harold Sheehan ní Liverpool fi hàn ní ọdún 1937 pé obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ bá ya lára rẹ̀ púpọ̀ nígbà ìbímọ lè pàdánù rẹ̀. Ọmú rẹ̀ kò ní sun wàrà fún ọmọ, nǹkan oṣù kò ní padà, àárẹ̀ kò sì ní tán lára rẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo agbẹ̀bí mọ èyí.

Ní ti ọ̀pá ẹ̀yìn, àìnírètí ló ti ṣíwájú. Ìwé ìṣègùn Íjíbítì àtijọ́ kan tó ti pé nǹkan bí 3,600 ọdún ka ẹni tí eegun ọrùn rẹ̀ yẹ̀, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ, mọ́ àwọn tí kò sí ìtọ́jú fún. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí títí di ọ̀rúndún ogún. Ohun tó ń pa wọ́n kì í ṣe ọgbẹ́ ẹ̀yìn gan-an. Egbò tí ìdùbúlẹ̀ ń dá sí wọn nídìí àti àkóràn ilé ìtọ̀ ló ń pa wọ́n. Ludwig Guttmann, dókítà Júù tó sá kúrò ní Jámánì ní ọdún 1939, ló yí èyí padà. Ní oṣù Èrèlé 1944, ó ṣí ẹ̀ka ọ̀pá ẹ̀yìn ní ilé ìwòsàn Stoke Mandeville nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin rẹ̀ rọrùn, ó sì le: ní wákàtí méjì méjì, tọ̀sán tòru, kí wọ́n yí aláìsàn padà lórí ibùsùn, kí wọ́n máa tọ́jú ìtọ̀ rẹ̀ ní mímọ́, kí wọ́n sì fún un ní iṣẹ́ àti eré ìdárayá. Ìdíje tó ṣètò fún àwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ ní ọdún 1948 ló di Paralympics. Kò sí ẹ̀rọ olówó gọbọi kankan nínú ìtọ́jú yìí, ó sì ti gba ẹ̀mí là ju iṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn èyíkéyìí lọ.

Ìpalára ọ̀pá ẹ̀yìn máa ń dé lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́ ni ti ìṣubú tàbí ọkọ̀ tó ya eegun, tó sì fún mùdùnmúdùn inú rẹ̀ pa. Èkejì ń tẹ̀ lé e láàárín wákàtí àti ọjọ́ mélòó kan: wíwú, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti májèlé láti inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti kú yóò máa pa èyí tó kù. Orí ìkejì yìí ni ìtọ́jú ti lè dá sí ọ̀rọ̀. Nínú ìwádìí kan tí Michael Fehlings ṣáájú rẹ̀, tó jáde ní ọdún 2012, aláìsàn 313 tí mùdùnmúdùn ọrùn wọn fara pa ló kópa. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí wákàtí 24 tó pé, nǹkan bí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ló sàn tó ipele méjì lórí òṣùwọ̀n agbára àti ìmọ̀lára lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Nínú àwọn tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò tó 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí aláìsàn tó dé ilé ìwòsàn náà wà nínú èyí. Ní Nàìjíríà, ìjàǹbá ọkọ̀ ló ń fa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìpalára wọ̀nyí, àwọn tó jábọ́ láti orí ọ̀pẹ náà sì wà nínú wọn. Ẹni tí wọ́n fà lápá jáde nínú ọkọ̀, tí wọ́n ká lẹ́yìn sínú takisí, lè ti ibẹ̀ di arọ. Kí ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnì kan di orí àti ọrùn mú kí wọ́n má yí, kí wọ́n sì tẹ́ ẹ lé pákó tó le.

Iṣan inú apá tàbí ẹsẹ̀ tó já lè hù padà, nǹkan bíi mìlímítà kan lójúmọ́. Ti mùdùnmúdùn ẹ̀yìn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, wọ́n rò pé kò ní agbára àtihù ni. Ní ọdún 1981, Albert Aguayo àti Samuel David ní Montreal fi iṣan ẹsẹ̀ eku ṣe afárá sínú mùdùnmúdùn ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn fọ́nrán náà sì hù gba inú rẹ̀ lọ jìnnà. Agbára wà, àyíká ló ń dí i lọ́wọ́. Martin Schwab ní Zurich wá rí ọ̀kan nínú àwọn èròjà tó ń dí i, tí wọ́n ń pè ní Nogo. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá oògùn tí yóò dá a dúró, èyí tí yóò mú arọ dìde kò sì tíì jáde.

Iná mànàmáná ló ti gbé ìrètí wá láìpẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ìpalára kì í já mùdùnmúdùn tán pátápátá. Fọ́nrán díẹ̀ ṣì máa ń kù tí kò lágbára tó láti gbé àṣẹ ọpọlọ dé ẹsẹ̀. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ní Louisville ròyìn pé àwọn ti fi ẹ̀rọ kékeré sẹ́yìn ọkùnrin kan tó rọ lẹ́sẹ̀, iná tó ń ta sí mùdùnmúdùn rẹ̀ sì jẹ́ kí ó lè dìde dúró. Ní ọdún 2018, Grégoire Courtine àti Jocelyne Bloch, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ní Lausanne, sọ nípa ọkùnrin mẹ́ta tó tún ń fẹsẹ̀ rìn lábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2023, wọ́n ròyìn pé àwọn ti gbé ẹ̀rọ sí agbárí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà kí ó máa ka èrò ọpọlọ rẹ̀, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rìn, ó sì gun àtẹ̀gùn. Àwọn ènìyàn tó ti jàǹfààní rẹ̀ kò tíì pọ̀, ìdárayá olóṣù gbọọrọ sì wà nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ń ta ìwòsàn ọ̀pá ẹ̀yìn fún ìdílé lónìí, yálà pẹ̀lú ẹ̀rọ tàbí abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì, ohun tí kò sí ló ń tà.

Gbogbo èyí nílò ọwọ́ tó mọṣẹ́, ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sì í yá kọ́. Ó kéré tán, nǹkan bí ọdún mẹ́fà ni dókítà fi ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ lẹ́yìn tí ó ti di dókítà. Nígbà kan rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ ní láti rìn jìnnà. Latunde Odeku, ọmọ bíbí Awẹ́ tí wọ́n bí ní ọdún 1927, gba oyè dókítà ní Yunifásítì Howard ní Washington. Ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Yunifásítì Michigan lọ́dọ̀ Edgar Kahn, ó sì padà sílé ní ọdún 1962 láti dá ẹ̀ka náà sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn. Òun ni oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Nígbà náà, ẹ̀rọ CT tó ń ya àwòrán inú orí kò tíì sí níbì kankan láyé. Ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ya orí aláìsàn, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí Odeku ní ni X-ray, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fa sínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn kí àwòrán ọpọlọ lè hàn, àti ìka ọwọ́ tó fi ń yẹ ara aláìsàn wò. Pẹ̀lú Adelola Adeloye, ó ṣàpèjúwe kókó kan tó máa ń hù lórí àwùjẹ̀ ọmọdé, tí wọ́n rí lára àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ìwé wọn jáde ní ọdún 1971, orúkọ àwọn méjèèjì sì wà lára àìsàn náà títí di òní. Odeku kú ní ọdún 1974, kò tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún. Ó kọ ewì pẹ̀lú, ilé ìkàwé ìṣègùn ní Ìbàdàn sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ìwádìí ti fi hàn pé ilé ìwòsàn tó bá ń ṣe iṣẹ́ abẹ pítúítárì púpọ̀ ló ń rí àbájáde tó dára jù. Orí tí ẹ̀rọ fi ike tẹ̀ jáde, ẹ̀rọ ìfidánrawò àti òkú tí wọ́n fi ń kọ́ni wúlò fún ọdún àkọ́kọ́, wọn kò sì rọ́pò ọ̀gá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ iṣẹ́ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ gidi ń ṣàn. Láti ọdún 2002 ni Rabat ní Móròkò ti jẹ́ ibùdó tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ lágbàáyé fi ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà, kí wọ́n má bàa ní láti sọdá òkun. Síbẹ̀ àlàfo náà pọ̀. Ìṣirò tó jáde ní ọdún 2018 sọ pé ènìyàn mílíọ̀nù 13.8 ló nílò iṣẹ́ abẹ ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn lọ́dọọdún, pé àwọn tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún nínú wọn kì í rí i ṣe, àti pé ayé ṣì nílò nǹkan bí oníṣẹ́ abẹ 23,300 sí i. Áfíríkà àti Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà ló ń jìyà rẹ̀ jù.

Nàìjíríà ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ yìí, ó sì ń pàdánù wọn, nítorí ọ̀pọ̀ dókítà ń jápa kí wọ́n tó kọ́ ẹni tí yóò rọ́pò wọn. Ẹ̀rọ MRI tuntun ni ìjọba sábà máa ń ṣí pẹ̀lú ayẹyẹ. Owó oṣù ọ̀gá tó ń kọ́ni àti iná tí kì í kú nínú yàrá iṣẹ́ abẹ ló yẹ kó kọ́kọ́ wà nínú ìṣúná, kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé wọn.